Ìpolówó Ọjà ni Àgúnmu Òwò: Àgbéyẹ̀wò Ìkéde Àbùdá Tuntun nínú Ètò Adarí Kọ̀ǹpútà Debian 13

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn tí ń ṣe Debian, ètò adarí kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, gbà kéde àbùdá tuntun inú ẹ̀dà 13 tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025. A fi ìkéde náà wé ìpolówó ọjà láwùjọ Yorùbá, a sì fi hàn pé ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé àléébù ọjà wà lára ohun tí olùpolówó gbọ́dọ̀ sọ. A mú àyípadà mẹ́ta tí ó kan yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ gbọ̀ngbọ̀n, a ṣàlàyé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, a sì yẹ àbùdá kan tí ìkéde náà kò dárúkọ wò, èyí ni kíbọọ̀dù èdè Yorùbá. Èrò wa ni pé olùkọ́ tí ó bá mọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kà yóò dáàbò bo iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, yóò sì lè fúnra rẹ̀ kéde ohun tí ó wúlò fún èdè rẹ̀.

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Kò sí ọjà tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò ẹnu tí yóò pè é. Láwùjọ Yorùbá, ìpolówó ọjà kì í ṣe ariwo lásán. Ó jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn, ó ní ohùn, ó ní àwítúnwí, ó sì ní ọ̀rọ̀ ìwúrí tí a fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra. Ẹni tí ń kiri ẹ̀kọ yóò sọ pé ó gbóná. Ẹni tí ń ta àgbàdo yóò sọ pé ó rọ̀, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹni tí ń ta ẹ̀wà máa ké e káàkiri àdúgbò pé òkúta díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó dára ni ẹnu ń pè. Ohun tí ó kù, eyín oníbàárà ni yóò wá a rí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú òwò ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá tí a mọ̀ sí kọ̀ǹpútà. Nígbàkigbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, a ó gbọ́ pé ó yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, pé ó lẹ́wà jù ú lọ, pé ààbò rẹ̀ sì dájú. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ṣé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn polówó ọjà rẹ̀ kí ó má sì fi àléébù rẹ̀ pamọ́? Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó máa ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà. Òun ni yóò pinnu bóyá kí a fi ẹ̀dà tuntun sórí àwọn ẹ̀rọ tàbí kí a fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ó bá gba ìpolówó gbọ́ láìka àlàyé tí ó tẹ̀ lé e, ó lè sọ ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ di òkú ẹrù, ó sì lè pàdánù máàkì ìdánwò gbogbo kíláàsì ní ọjọ́ kan. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé kíka ìkéde ẹ̀dà tuntun jẹ́ ara iṣẹ́ olùkọ́.

Ohun tí ètò adarí kọ̀ǹpútà jẹ́

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí a ní lọ́kàn. Ètò adarí kọ̀ǹpútà ni ètò tí ó máa ń jí láti darí ẹ̀rọ nígbà tí a bá tàn án. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ, òun ni ó ń sọ ibi tí fáìlì yóò wà, òun náà ni ó sì ń gba ọ̀rọ̀ láti orí kíbọọ̀dù lọ sí ojú ẹ̀rọ. A lè fi í wé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́: akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà bá a sọ̀rọ̀, síbẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí kíláàsì tí yóò lọ déédéé. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, Debian náà sì jẹ́ ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ti kóòdù. Kóòdù ni ọ̀rọ̀ àṣẹ tí àwọn amòye kọ sílẹ̀ láti fi dá ètò. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá tì í pa, ọbẹ̀ sísè nìkan ni a ó máa rà. A kò ní mọ èròjà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà, láti tún ṣe àti láti pín fún ẹlòmíràn, a jẹ́ pé ètò náà wà ní gbangba. Richard Stallman, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983 láti ṣe ètò tí ẹnikẹ́ni yóò ní òmìnira lórí rẹ̀. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Finland gbé Linux jáde, èyí tí ó jẹ́ ọkàn ètò adarí, ibi tí ètò ti ń bá irin ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni wọ́n pàdé nínú Debian.

Debian àti àdéhùn tí ó so mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn

Ian Murdock ni ó dá Debian sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ, ọdún 1993, nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Láti ara orúkọ rẹ̀ àti ti Debra, obìnrin tí ó fẹ́ràn nígbà náà, ni ó ti fa orúkọ ètò yìí yọ. Debian kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ń ta ọjà. Àwọn ènìyàn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn káàkiri àgbáyé ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń dìbò yan olórí wọn lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni lè gbà á láìsan kọ́bọ̀.

Ní oṣù Keje, ọdún 1997, àwọn ènìyàn Debian fọwọ́ sí àdéhùn kan láàárín àwọn àti àwùjọ. Kókó márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta nínú wọn ni ó kan iṣẹ́ wa yìí jù lọ: wọ́n ṣe ìlérí pé àwọn kò ní fi ìṣòro pamọ́. Láti mú ìlérí náà ṣẹ, ìwé tí wọ́n ń kọ àléébù ètò sí wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, nígbàkigbà. Bí olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Pọ́tónóvò bá rí àṣìṣe kan, ó lè fi ránṣẹ́, ohun tí ó kọ yóò sì hàn sí gbogbo ayé.

A lè béèrè pé kí ni ànfààní èyí fún ẹni tí ń polówó ọjà. Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ètò tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba kò ní ibi tí yóò fi àléébù sá sí; bí ẹni tí ó ṣe é kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn yóò kà á jáde. Ohun tí ó kù fún olùpolówó ni pé kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí oníbàárà lè ṣe sí i.

Bí ìkéde ẹ̀dà 13 ṣe rí

Ìnagijẹ tí wọ́n fún ẹ̀dà 13 ni trixie. Láti inú fíìmù àwòrán-arìn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Toy Story ni wọ́n ti máa ń mú ìnagijẹ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bookworm ni ti ẹ̀dà 12 tí ó jáde ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2023. Iṣẹ́ tí ó lé ní ọdún méjì ni wọ́n ṣe kí trixie tó jáde.

Apá méjì ni ìkéde náà ní. Apá àkọ́kọ́ ni ìkéde ṣókí tí ó wà fún gbogbo ayé. Nínú rẹ̀ ni a ti kà pé ẹ̀dà yìí ní ètò 69,830, pé èyí tí ó lé ní 14,100 nínú wọn jẹ́ tuntun, àti pé Linux 6.12 ni ó wà nínú rẹ̀. A tún kà nípa ojú ìṣiṣẹ́ GNOME 48 àti KDE Plasma 6.3, àti LibreOffice 25.2 tí a fi ń kọ lẹ́tà tí a sì fi ń ṣírò máàkì. A kà pé wọn yóò tọ́jú ẹ̀dà náà fún ọdún 5. Títí débí yìí, ìpolówó ọjà bí a ṣe mọ̀ ọ́n ni.

Ṣùgbọ́n ìkéde kan náà sọ pé àwọn yọ ètò tí ó lé ní 8,840 kúrò nítorí pé ìgbà ti lọ lórí wọn. Kí òǹkàwé fiyè sí èyí. Alátẹ tí ó ń kígbe ohun tí ó kó dé, tí ó sì tún ń ka iye ohun tí ó kó kúrò lórí àtẹ, kò wọ́pọ̀. Olùkọ́ tí ó ń lo ètò kan láti kọ́ ìṣirò yóò ti mọ̀ nípa gbólóhùn yìí pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ wò ó bóyá ètò náà ṣì wà.

Apá kejì ni ìwé àlàyé ẹ̀dà. Ìwé yìí gùn, ó sì pín sí orí-orí. Orí kan ń sọ ohun tí ó jẹ́ tuntun. Orí mìíràn ń sọ àwọn ìṣòro tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó kúrò nínú ẹ̀dà àtijọ́ bọ́ sínú tuntun. Orí méjèèjì wà nínú ìwé kan náà, àwọn kan náà ni wọ́n sì gbé e jáde. Ibí yìí ni a ti lè sọ pé ẹni tí ń ta ẹ̀wà ti ń polówó òkúta inú rẹ̀.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ubuntu, tí a fi Debian ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2004. Ilé-iṣẹ́ Canonical tí ó ni í gbójú lé ìpolówó gan-an: wọ́n ní kàlẹ́ńdà tí kì í sábà yẹ̀, ẹ̀dà kan ní oṣù Kẹrin, òmíràn ní oṣù Kẹwàá, títí di ọdún 2011 ni wọ́n sì fi ń fi síídì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè, ní orílẹ̀-èdè yòówù kí ó wà. Èyí ran ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Debian ní tirẹ̀ kì í dá ọjọ́ sílẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ̀dà 3.0 jáde ní oṣù Keje, ọdún 2002. Ó di oṣù Kẹfà, ọdún 2005 kí 3.1 tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan bínú pé ó pẹ́. Ọ̀nà méjèèjì ni ó ní èrè àti àdánù tirẹ̀: ẹni tí ó dá ọjọ́ mú ìrètí ṣinṣin, ẹni tí ó dúró de iṣẹ́ dín àṣìṣe kù.

Àyípadà mẹ́ta tí ó kan ilé-ẹ̀kọ́

(i) Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kò ní lè kà mọ́

Ìkéde trixie sọ ní gbólóhùn kan pé ètò náà ti lè ka ọjọ́ tí ó kọjá ọdún 2038. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ yóò kà á kọjá. Ìtàn náà nìyí. Ọ̀pọ̀ ètò adarí ń ka àkókò gẹ́gẹ́ bí iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún iye yìí nígbà náà jẹ́ bíìtì 32. Bíìtì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà. 0 tàbí 1 ni ó lè jẹ́. Ọ̀kan nínú 32 yìí wà fún mímọ̀ bóyá iye náà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wá ku 31. Bí a bá kọ 2 sílẹ̀ ní ìgbà 31, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀, tí a sì yọ 1 nínú èsì rẹ̀, a ó ní 2,147,483,647. Iye tí ó pọ̀ jù lọ tí àyè náà lè gbà nìyẹn.

Ìṣẹ́jú-àáyá náà yóò pé ní ọjọ́ 19, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2038, ní agogo mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ní ago Nàìjíríà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tí a kò tún ṣe yóò rò pé oṣù Kejìlá, ọdún 1901 ni òun wà. Ó dà bí ìwé-ìforúkọsílẹ̀ tí àyè nọ́ńbà rẹ̀ kò ju méjì lọ: lẹ́yìn 99, 00 ni yóò padà kọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n sọ àyè náà di bíìtì 64. Àwọn ẹ̀rọ oní-bíìtì 64 ti bọ́ nínú ewu yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn oní-bíìtì 32 ni trixie wá tún ṣe. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní i386, kí àwọn ètò àtijọ́ tí a ti ṣe fún un má baà dẹ́kun iṣẹ́.

Ọmọ tí ó jẹ́ ọdún 6 ní ọdún 2026 yóò di ọdún 18 ní ọdún 2038. Ọdún tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò wúlò fún un jù lọ ni ọdún tí ẹ̀rọ àtijọ́ lè ṣi ọjọ́ kà. Nítorí náà, gbólóhùn kan ṣoṣo inú ìkéde yìí kan ọmọ tí ó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lónìí.

(ii) Ẹ̀rọ tí a kò gbà mọ́

Àyípadà kejì jẹ́ àdánù. Debian 13 kò ní ètò ìfisórí-ẹ̀rọ fún ọ̀wọ́ i386 tí a dárúkọ lókè yìí mọ́, kò sì ní Linux tí ó lè jí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìwé àlàyé ẹ̀dà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ó ní kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ i386 má ṣe bọ́ sínú trixie, kí ó tún fi ẹ̀dà oní-bíìtì 64 sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá gbà á, tàbí kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sinmi.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ta kọ̀ǹpútà àlòkù 15 lọ́rẹ. Bí olùkọ́ ibẹ̀ bá ka ìkéde ṣókí nìkan, yóò rí nọ́ńbà ńláńlá, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá ka apá kejì, yóò kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò náà kò le. Bí Linux bá ti wà lórí ẹ̀rọ, kí ó tẹ àṣẹ lscpu; bí ó bá rí i pé èsì náà dárúkọ 64-bit lára ọ̀nà tí ọpọlọ ẹ̀rọ lè gbà ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà kò tíì kú. Láti ọdún 2003 àti 2004 ni AMD àti Intel ti ń ta irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà àwọn aráàlú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń lo ètò oní-bíìtì 32 ni wọ́n ní ọpọlọ oní-bíìtì 64 nínú láìjẹ́ pé olówó wọn mọ̀.

Oníbàárà náà ní ohùn nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2019, àwọn tí ń ṣe Ubuntu kéde pé àwọn yóò pa gbogbo ètò i386 tì láti ẹ̀dà 19.10. Àwọn tí ń lo ètò àtijọ́ àti eré orí kọ̀ǹpútà fi ẹ̀hónú hàn, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí Canonical fi yí ìpinnu náà padà, tí wọ́n ní àwọn yóò ṣì tọ́jú àwọn kan tí a ṣà lẹ́sà nínú wọn. Ìkéde tí ó jáde lásìkò ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá ti fi í pamọ́ títí di ọjọ́ ìgbéjáde, ẹ̀pa kì bá tí bóró mọ́.

(iii) Àpò fáìlì tí ń ṣófo

Àyípadà kẹta kéré lójú, ó sì lè dun ènìyàn jù. Nínú Debian, àpò kan wà tí a ń pè ní /tmp, ibi tí ètò ń kó ohun tí ó fẹ́ lò fún ìgbà díẹ̀ sí. Tẹ́lẹ̀, orí díìsìkì ni ó máa ń wà. Láti ẹ̀dà 13, inú iyè ẹ̀rọ ni ó ń wà, ó sì lè gba tó ìdajì iyè náà. Ohun tí ó wà nínú iyè máa ń pòórá nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Lórí ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi trixie sí, fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn nínú àpò yìí fún ọjọ́ 10 yóò tún di pípa rẹ́ bí ẹ̀rọ kò tilẹ̀ kú.

Èrè rẹ̀ ni pé iṣẹ́ yóò yá, díìsìkì kò sì ní kún fún pàǹtírí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ́ lára láti máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ yóò dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò ní rí nǹkan kan. Bí iná bá ṣẹ́jú, bákan náà ni. Olùkọ́ tí ó ti ka orí ìṣòro yóò ti kìlọ̀ fún kíláàsì ṣáájú, yóò sì ti fi àpò mìíràn hàn wọ́n.

Àbùdá tí ìkéde kò dárúkọ

A ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a kéde. Ó wá ku ohun tí a kò kéde. Nínú Debian, àti nínú ọ̀pọ̀ ètò mìíràn tí wọ́n fi Linux ṣe, kíbọọ̀dù èdè Yorùbá wà. Ẹni tí ó bá ṣí ibi ìtò kíbọọ̀dù, tí ó sì wá Nàìjíríà, yóò bá Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò níbẹ̀. Kò ní ra ètò kankan, kò sì ní wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri. Síbẹ̀, ìkéde trixie kò dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wa. Ìkéde ẹ̀dà tuntun, ohun tuntun ni ó máa ń sọ. Kíbọọ̀dù Yorùbá sì ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́.

Kùdìẹ̀-kudiẹ tí ó wà nínú gbogbo ìpolówó àbùdá tuntun nìyí, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ohun tí ó ti gbó lójú ẹni tí ó ṣe é lè jẹ́ tuntun pátápátá lójú ẹni tí a kò sọ fún rí. Títí di òní, a ṣì ń rí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ nínú èdè Yorùbá tí kò ní àmì kankan lórí, tí ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì sọ pé kọ̀ǹpútà ni kò gbà fún òun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kọ̀ǹpútà gbà. Ẹnu tí yóò sọ ọ́ ni kò sí.

Àlàyé díẹ̀ yóò wúlò níbí. Unicode, ìlànà tí a fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ó fún á àti à náà. Ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ni a ó tò tẹ̀ lé ara wọn, ti lẹ́tà àti ti àmì ohùn, ètò adarí ni yóò sì gbé àmì lé lẹ́tà lórí nígbà tí ó bá ń yà á sójú ẹ̀rọ. Bí ètò tàbí irúfẹ́ lẹ́tà tí a lò kò bá mọ iṣẹ́ yìí, àmì yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí àpótí òfìfo hàn ní ipò rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, àyẹ̀wò tí olùkọ́ Yorùbá yóò kọ́kọ́ ṣe kò sí nínú ìkéde kankan: kí ó kọ ọ̀rọ̀ bí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti ìṣẹ̀ṣe, kí ó wo bí wọ́n ṣe hàn lójú ẹ̀rọ àti lórí ìwé tí a tẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà, ìwé àléébù wà ní gbangba. Kí ó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìlànà fún olùkọ́

Nínú ohun tí a ti sọ, a lè fa ìlànà mẹ́rin yọ fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ wọn.

Èkíní, kí olùkọ́ ka orí ìṣòro ṣáájú orí ohun tuntun. Ohun tuntun lè dúró di ọ̀la. Fáìlì tí ó ti sọnù kò ní padà.

Èkejì, kí ó béèrè nípa àbùdá kọ̀ọ̀kan pé: ta ni ó wúlò fún, ẹ̀rọ wo ni ó gbà á, kí ni a pàdánù nítorí rẹ̀? Àbùdá tí kò bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, kí ó ṣì wà lápá kan.

Ẹ̀kẹta, kí ó dán ẹ̀dà tuntun wò lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí ó sì ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pamọ́ síbòmíràn, kí ó tó fọwọ́ kan àwọn tí ó kù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ ìkéde tirẹ̀ ní Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ojú ìwé kan tó. Kí apá òkè sọ ohun tí ó dára, kí apá ìsàlẹ̀ sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Iṣẹ́ yìí yóò wúlò nínú kíláàsì èdè pẹ̀lú, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi í mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ìwúrí àti ọ̀rọ̀ àlàyé, yóò sì rí i pé èdè Yorùbá lè ru ẹrù ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n ń túmọ̀ ojú ìwé Debian sí èdè Faransé, èdè Jámánì àti àwọn èdè mìíràn. Kò sí òfin tí ó ní kí èdè Yorùbá má sí lára wọn.

Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ìkéde ẹ̀dà tuntun lè jẹ́ ìpolówó kí ó sì tún jẹ́ ẹ̀kọ́. Debian ṣe ìlérí ní ọdún 1997 pé òun kò ní fi ìṣòro pamọ́, ìwé àlàyé ẹ̀dà 13 sì fi hàn pé ìlérí náà ṣì ń ṣiṣẹ́: ó sọ ohun tí ó wọlé, ó sọ ohun tí ó jáde, ó sì sọ ẹni tí kò yẹ kí ó rà nínú ọjà náà. A tún ti rí i pé òótọ́ olùpolówó nìkan kò tó. Ẹni tí ń bẹ lókèèrè kò lè mọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ wa nílò, kò sì ní bá wa kéde kíbọọ̀dù wa. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́. Ọwọ́ olùkọ́ ni ó kù sí láti ka ìkéde àwọn ẹlòmíràn tinú-tẹ̀yìn, kí ó sì fi èdè abínibí rẹ̀ ké tirẹ̀ síta.